Àbúrò Mi, Ọdán Ni Kó O Fi Ṣe Bonsai

Àbúrò mi, kó o tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta hóró bonsai lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jókòó ná, ká sọ̀rọ̀. Kò sí hóró kankan tó ń jẹ́ hóró bonsai. Igi gidi tó ń ga fíofío nínú igbó náà ni wọ́n ń gbìn sínú àwo pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń gé lórí, tí wọ́n ń gé ní gbòǹgbò, tí wọ́n sì ń fi wáyà darí ẹ̀ka rẹ̀. Gbé e kúrò nínú àwo, kó o gbìn ín sẹ́yìn ilé, wàá rí i tí yóò tún máa ga lọ. Ẹni tó bá ní hóró tòun yàtọ̀, tó tún fi àwòrán igi eléwé búlúù hàn ọ́, owó rẹ ló fẹ́ gbà.

Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ ni pé àwọn igi inú àwòrán wọn, àwọn bíi páìnì ilẹ̀ Japan àti mépù, ọmọ ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n. Wọ́n ń fẹ́ kí òtútù mú àwọn fún oṣù bíi mélòó kan lọ́dún kí wọ́n lè sinmi, kí wọ́n tó tún rúwé. Níbo la ti fẹ́ rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà? Ọyẹ́ tiwa ń mú lóòórọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kó tó di ọ̀sán, oòrùn á ti ń jóni lórí. Igi bẹ́ẹ̀ á kàn máa rù lọ́wọ́ rẹ ni títí yóò fi kú, ìwọ á wá máa rò pé ọwọ́ rẹ ni kò tutù.

Ọdán ni kó o mú. Òun ni igi òjìji tí àwọn baba ńlá wa ń gbìn síwájú ààfin àti sáàárín ọjà. Bó o bá ka eré Wọlé Ṣóyínká tó ń jẹ́ The Lion and the Jewel nílé ìwé, wàá rántí pé ìdí ọdán ràbàtà kan létí ọjà ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdán kan náà yìí ló máa ń hù lára ògiri tó ti sán, lẹ́nu kànga, lára ọ̀pẹ, torí ẹyẹ àti àdán ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì ń yàgbẹ́ hóró rẹ̀ síbi tó bá wù wọ́n. Rìn gba àárín àwọn agbo ilé àtijọ́ kọjá, kó o máa wo àwọn ògiri alámọ̀ tí òrùlé wọn ti ṣí. Ibẹ̀ ni wàá ti rí èyí tí ìdí rẹ̀ ti sanra, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín rí. Igi tó ti fara da ẹ̀ẹ̀rùn lára ògiri, kí ni àwo fẹ́ fi ṣe?

Tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Inú rẹ̀ á dùn, nítorí ọdán ń la ògiri. Má fà á tu o. Fi irin ṣóńṣó gbẹ́ amọ̀ kúrò lára gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀, kí àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ má bàa já tán. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó o gé púpọ̀ nínú ewé rẹ̀ dànù, torí gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù kò ní lè fún gbogbo wọn lómi. Bí o kò bá rí ti ara ògiri, gé ẹ̀ka láti ara àgbà ọdán, kó nípọn tó àtàǹpàkò, jẹ́ kí oje ojú ibi tó o gé gbẹ, kó o rì í sínú iyanrìn tútù lábẹ́ ìbòòji. Yóò hu gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbin àwọn ńlá ńlá náà. Oje funfun yẹn kì í kúrò lára aṣọ, tó bá sì ta sí ọ lójú, wàá ṣomi lójú gidi. Má wọ àǹkárá tuntun lọ síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú rèé: igi kì í sanra nínú àwo kékeré. Ẹ̀ka tó o gé lónìí, bó o bá gbé e sínú àwo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yóò ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ. Kọ́kọ́ gbìn ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó o tẹ́ àfọ́kù táìsì kan sábẹ́ rẹ̀ kí gbòǹgbò má lè lọ tààrà sísàlẹ̀, kó fọ́n síbùúbú yí ìdí ká. Jẹ́ kó dàgbà níbẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ìdí rẹ̀ bá ti kún ọwọ́, gé e kúrú, kó o wá gbé e sínú àwo. Èyí tó o bá yọ lára ògiri ti sanra tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o kọ́kọ́ lọ wo ògiri.

Àwo ńkọ́? Má rà á láti òkè òkun. Àwọn ìyá amọ̀kòkò wà ní Òkèlele ní Ìlọrin, àwo amọ̀ wọn dára. Sọ fún wọn pé kí àwo náà fẹ̀, kó má jìn, kí wọ́n sì dá ihò ńlá méjì sí ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún, torí bó o bá ní kí o dá a lu nílé lẹ́yìn tí iná ti mú un, ó lè là sí méjì. Fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ihò náà kí erùpẹ̀ má bàa ṣàn jáde. Ní ti ilẹ̀ inú rẹ̀, má bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nìkan, yóò di mọ́lẹ̀ gbagidi, gbòǹgbò á sì rà. Fọ́ yangí sí wẹ́wẹ́, kó o da á pọ̀ mọ́ iyanrìn odò tó hánhán àti ìdọ̀tí tó ti jẹrà dáadáa, kí yangí àti iyanrìn pọ̀ ju ìdọ̀tí lọ. Kọ́kọ́ jọ eruku kúrò nínú gbogbo rẹ̀. Bó o bá da omi sí i, ó yẹ kó gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni da omi sínú asẹ́.

Omi yìí gan-an ló ń pa bonsai jù. Àwọn kan á ní lójoojúmọ́, àwọn kan á ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Má gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ki ìka rẹ bọ ilẹ̀ inú àwo náà dé oríkèé àkọ́kọ́: bó bá ṣì tutù, fi í sílẹ̀, bó bá ti ń gbẹ, bomi rin ín títí omi á fi máa jáde nísàlẹ̀. Lásìkò òjò, o lè má fọwọ́ kan garawa rárá, àfi kó o ti nǹkan bọ ìdí àwo lápá kan kí omi má bàa dúró síbẹ̀. Ọyẹ́ ni kó o bẹ̀rù. Láti bí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, atẹ́gùn gbígbẹ yẹn máa ń fa omi jáde lára àwo amọ̀ débi pé èyí tó o bu láàárọ̀ á ti tán nírọ̀lẹ́. Àárọ̀ àti alẹ́ ni kó o máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti gbẹ tó ń yọ kúrò létí àwo, omi tó o bá dà sí i ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà jáde. Gbé àwo náà odindi sínú abọ́ omi, kó o fi í síbẹ̀ títí yóò fi dẹ́kun híhó. Kó o sì máa fi omi fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára ewé rẹ̀, kó lè mí.

Mo mọ̀ pé pálọ̀ lo fẹ́ gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò ní pẹ́ tí ewé rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìta ni ilé rẹ̀, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án. Bí àlejò bá ń bọ̀, gbé e wọlé fún ọjọ́ kan, bí wọ́n bá ti lọ, gbé e padà síta. Bó bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo lò ń gbé, orí ògiri fàráńdà tó o, bí ọwọ́ ewúrẹ́ kò bá ti lè dé ibẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ Ọ̀fà lè jẹ èèpo ànàmọ́ yó kẹ́ri láàárọ̀, wọ́n á ṣì wá ewé ọdán ṣe ìpápánu. Ewé náà dùn lẹ́nu wọn púpọ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lè bá ikùn ewúrẹ́ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Gígé rẹ̀ kò le. Bí ẹ̀ka tuntun bá ti yọ ewé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, gé e padà sí ewé méjì. Bó o bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí oòrùn sì ń kàn án, ewé rẹ̀ á máa kéré sí i. Wáyà ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀ka. Àjẹkù wáyà bàbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe iná ti tó. Wé e díẹ̀díẹ̀, kó o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lásìkò òjò, nítorí ọdán ń yára sanra nígbà náà, wáyà á sì wọ inú èèpo rẹ̀. Àpá yẹn kì í tètè lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ wáyà yìí, múra sílẹ̀ de ìyá ọkọ rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí igi tí o fi wáyà dì jánjan, wọ́n á bi ọ́ pé, “Ta lo fẹ́ dè mọ́lẹ̀?” Má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀pọ̀ àgbà, ohun tí a bá dì báyẹn, edì ni. Fà wọ́n mọ́ra, fi sísọ́ọ̀sì lé wọn lọ́wọ́, ní kí wọ́n bá ọ gé ewé díẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gbà ọ́ níyànjú láti gbin ìrókò láéláé. Ìrókò nínú àwo, àlàyé rẹ̀ á pọ̀ jù.

Bí ọdán bá ti mọ́ ọ lọ́wọ́, o lè dán igi oṣè wò. Charles Ceronio, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ yìí ní Gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé igi ilẹ̀ wa náà ní ìrísí tí wọ́n lè fi ṣe bonsai, tí wọn ò ní máa ṣe bíi ti Japan nìkan. Ìdí oṣè máa ń wú kíákíá. Àmọ́ ó máa ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, má sì sọ ọ́ nù: kò kú. Dín omi rẹ̀ kù gan-an títí yóò fi rúwé, torí oṣè tí kò léwé, tí omi pọ̀ nídìí rẹ̀, jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Igi yòówù kó o mú, ìtọ́jú ló ń gbé e ró. Ní National Arboretum nílùú Washington, páìnì kan wà nínú àwo tí wọ́n ti ń tọ́jú bọ̀ láti ọdún 1625. Hiroshima ni ìdílé Yamaki ti ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ lu ìlú náà lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Ó wà lẹ́yìn ògiri nínú ọgbà wọn, kò sì kú. Ọdún 1976 ni Masaru Yamaki fi í ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, ọdún 2001 tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wò ó ni àwọn olùtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Bọ́ǹbù kò pa á, àmọ́ bí àwọn tó ń bomi rin ín bá gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré nígbà ooru, ìbá ti kú tipẹ́.

Nítorí náà, bó o bá ń lọ sí Èkó fún ìgbéyàwó, bẹ ará ilé kan kó máa bá ọ bomi rin ín, kó o sì fi bí wọ́n ṣe ń ki ìka bọ ilẹ̀ hàn án kó o tó wọkọ̀. Ní ti ìgbà tó o máa bẹ̀rẹ̀, oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, tí òjò ti múlẹ̀, ni kó o yọ ọdán rẹ lára ògiri. Bó bá ti di ìgbà ọyẹ́, fi í sílẹ̀ lára ògiri rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.