Ìperí fún Ìtòtẹ̀léra Fáìlì Ìkéde nínú Èdè Kọ̀ǹpútà C

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ẹni tí ń wá ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gan-an. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìperí tí kò tọ́ka sí iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Àpẹẹrẹ wa ni àwọn ìkìlọ̀ tí ó máa ń jáde nígbà tí fáìlì kan bá ṣáájú òmíràn nínú ètò tí a fi èdè C kọ. Dennis Ritchie ni ó dá èdè yìí sílẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, a sì ń lò ó títí di òní.

2. Orúkọ wo ni ó yẹ header?

Atúmọ̀-ètò ni a ó máa pe ohun tí ń sọ ètò tí ènìyàn kọ di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe. Láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni ó ń kà. Kò mọ ohun tí a kò tíì sọ fún un. Nítorí náà, a ní láti kéde orúkọ kí a tó lò ó. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ni a ń kó jọ sínú fáìlì tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní header. Àṣẹ #include, tí a ó pè ní àṣẹ ìfàwọlé, ni ó ń da gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì náà sí ojú ibi tí a kọ àṣẹ náà sí.

Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni àkọlé, nítorí pé òkè ìwé ni a sábà máa ń kọ àṣẹ yìí sí. A kò fara mọ́ ọn. Àkọlé kàn ń dárúkọ ohun tí ó tẹ̀lé e ni. Header a máa pinnu bí atúmọ̀-ètò yóò ṣe lóye ohun tí ó tẹ̀lé e. Fáìlì ìkéde ni a dábàá. Lóòótọ́, oríkì pẹ̀lú a máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Kí a má sì da méjèèjì pọ̀: ìkéde ń sọ pé nǹkan wà, oríkì, bí àwọn onímọ̀ èdá-èdè ti ń lo ọ̀rọ̀ náà, ń sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ gan-an.

3. Ìtòtẹ̀léra èèṣì

Ẹ jẹ́ kí a wo fáìlì ìkéde méjì. Ìlà kan ṣoṣo ni ó wà nínú iwe.h:

void ko_iwe(struct oja *o);

Inú oja.h ni oríkì struct oja wà. Bí a bá fa oja.h wọlé ṣáájú iwe.h, atúmọ̀-ètò kò ní sọ nǹkan kan. Bí a bá pààrọ̀ wọn, ìkìlọ̀ yóò jáde pé inú àkámọ́ ni a ti kéde struct oja, àti pé kò ní hàn ní ìta ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé atúmọ̀-ètò kò tíì gbọ́ orúkọ náà rí. Ó wá mú un bí irú tuntun tí ẹ̀mí rẹ̀ kò kọjá ìkéde yẹn. Èyí tí ó pàdé lẹ́yìn náà nínú oja.h di ohun mìíràn lójú rẹ̀, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàn gbé ìlà kan sókè, ìkìlọ̀ náà yóò sì dákẹ́. Àrùn náà kò tíì lọ. Ẹni tí ó bá tún lo iwe.h níbòmíràn yóò bá a pàdé. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a kọ struct oja; sí òkè iwe.h, tàbí kí iwe.h fúnra rẹ̀ fa oja.h wọlé. Ọ̀nà àyẹ̀wò tí ó dára ni pé kí iwe.h jẹ́ àkọ́fàwọlé nínú iwe.c. Bí ó bá ní ohun tí ó kù fún un, yóò hàn lójú ẹsẹ̀.

4. Ìtòtẹ̀léra òfin

Ìgbà mìíràn wà tí ìtòtẹ̀léra jẹ́ òfin. Ìwé ìlànà Python sọ pé kí a fa Python.h wọlé ṣáájú fáìlì ìkéde èyíkéyìí tí ó bá èdè C wá, nítorí pé ó lè fún àwọn màkírò kan ní oríkì tí yóò yí ìṣesí àwọn fáìlì wọ̀nyẹn padà. Nígbà tí a ń lo Python 2.7, tí ó jáde ní 2010, lórí Linux, ẹni tí ó bá fi stdio.h ṣáájú a máa rí ìkìlọ̀ pé a ti tún _POSIX_C_SOURCE fún ní oríkì. Fáìlì ẹ̀rọ ti fún un ní 200809L, Python.h tún dé, ó fún un ní 200112L. Ọdún àti oṣù ìlànà POSIX ni nọ́ńbà wọ̀nyí dúró fún. Àtúnfún-oríkì ni a ó pe èyí. Níhìn-ín, gbígbé ìlà sókè ni ìwòsàn gan-an.

5. Ìkìlọ̀ àti àṣìṣe

Bí àṣìṣe bá wà, atúmọ̀-ètò kò ní parí iṣẹ́. Bí ìkìlọ̀ bá wà, yóò parí rẹ̀, ṣùgbọ́n iyèméjì wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe pe ìkìlọ̀ ní àṣìṣe kékeré. Bí a bá fún ko_iwe ní struct oja ti ìta nínú àpẹẹrẹ wa àkọ́kọ́, atúmọ̀-ètò GCC a máa kìlọ̀ lásán tẹ́lẹ̀ pé irú méjèèjì kò bára mu. Láti ìgbà tí GCC 14 ti jáde ní 2024, àṣìṣe ni ó ń kà á sí, àfi bí a bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ìperí tí a dábàá nìwọ̀nyí: atúmọ̀-ètò, fáìlì ìkéde, àṣẹ ìfàwọlé, àtúnfún-oríkì, ìtòtẹ̀léra èèṣì àti ìtòtẹ̀léra òfin. Méjì tí ó gbẹ̀yìn ni a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè fi ọkàn sí jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan fún ìtòtẹ̀léra yóò máa pààrọ̀ ìlà títí ìkìlọ̀ yóò fi dákẹ́. Èyí tí ó ní méjì yóò kọ́kọ́ béèrè pé: èèṣì ni, tàbí òfin?