Àkísà Àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọjà àdìrẹ ni Ìtòkú wa, aṣọ tuntun ni ojú wa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyá-ńlá rẹ̀ ṣe gbé ayé, àkísà ni kó tú.

Nínú àpótí páànù bàbá mi, mo rí rìsíìtì owó orí kan tí wọ́n fi àdìrẹ gbígbó wé, aró ti ràn mọ́ etí ìwé náà: ṣílè méjì ààbọ̀, orúkọ obìnrin, Ìtòkú. Ẹ má fojú kéré irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ, kí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá wa tó dìde sí i ní 1947. Ìyá oko tí kò kàwé, tí kò ṣe ìgbàgbọ́, ó lè jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí.

Bó bá ṣe ìgbàgbọ́, ẹ wo ìwé ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Àfàlà, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta níbí ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹni tó bá ń wá Àfàlà nìkan yóò ṣí i kọjá. Ẹ béèrè orúkọ ilé, oríkì, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má bi àgbà léèrè ọdún. Ẹ bi wọ́n bóyá ìyá náà ti wọlé ọkọ kí ogun Àdùbí tó jà ní 1918, bóyá ó ṣì wà láyé nígbà tí Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Kí wọ́n sì ki ìyá náà dáadáa, nítorí kò sí rìsíìtì tó lè dé ìlú tí wọ́n ti ṣí wá kí a tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Oríkì ń dé ibẹ̀.

Ẹ ya fótò ìwé, kí ẹ dá a padà sínú àpótí. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sí àgbà létí. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé dìde dúró, kò lè rí i. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbà pé ìyá tó bí bàbá mi ló ni rìsíìtì yẹn. Nígbà tí mo ka orúkọ náà fún àbúrò bàbá mi obìnrin, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n fọwọ́ pa á.

"Ìyálé ìyá wa nìyí. Òun ló tọ́ bàbá rẹ nílé níbí. Oko ni ìyá wa wà."

Wọ́n wá dárúkọ abà kan lọ́nà Ọbáfẹ́mi, tí n kò gbọ́ rí. Wọ́n ní igi obì tí ìyá gbìn ṣì ń so. A ó lọ ní Sátidé.