Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Neiman Yín Dànù

ÌBÉÈRÈ: Bouaké, ní Côte d'Ivoire, ni mo ń gbé. Ọmọ Èjìgbò ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí mi sí. Peugeot 504 bâchée (píkọ́ọ̀pù) tí bàbá fi sílẹ̀ kó tó kú ni mo fi ń kó ọjà. Bẹntiróòlù ló ń lò. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti ń yọ mí lẹ́nu. Láàárọ̀, ó lè kọ̀ jálẹ̀ kó má yí, àfi kí n fà á jáde kí n tún tì í wọlé bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tó bá wá yí, ẹ́ńjìnnì á dáhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á kú. Bí mo bá fọwọ́ dì í mú níbì kan, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Mo ti ra bátìrì tuntun, kò yí nǹkan kan padà. Mẹ́káníìkì mi ní kí n jẹ́ kí òun yọ neiman dànù, kí òun fi bọ́tìnnì sí i. Ṣé kí n gbà fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà fún un. Mẹ́káníìkì yín kò purọ́ pé ọ̀dọ̀ neiman ni àìsàn náà wà, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Owó bátìrì tuntun yẹn ló dùn mí. Bátìrì tó ti kú kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí dáadáa. Tiyín ń yí, ó ń dáhùn, kó tó wá kú. Ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, ó kéré tán ẹ ti ní bátìrì fún ọdún tó ń bọ̀.

Fún àwọn tó ń ka ìwé yìí ní Ìbàdàn tàbí Èkó, neiman ni orúkọ tí wọ́n ń pe ibi tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Orúkọ ènìyàn ni. Abram Neiman ló gbé àgádágodo tí ń ti ìtọ́kọ̀ pa jáde ní àwọn ọdún 1930, orúkọ rẹ̀ ló sì di orúkọ nǹkan náà, bí àwa náà ṣe sọ gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú di Ómò.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé ohun kan ṣoṣo ni neiman. Mẹ́ta ni. Èkíní ni àgádágodo fúnra rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Èkejì ni irin kan tó ń yọ jáde láti di ìtọ́kọ̀ mú nígbà tí ẹ bá fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ẹ̀kẹta ni ibi tí iná ti ń pín, tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí àwọn oníná ọkọ̀ lọ́dọ̀ yín ń pè ní contacteur. Àgádágodo kì í mọ nǹkan kan nípa iná. Contacteur náà kò mọ irú kọ́kọ́rọ́ tó wọlé. Tiyín, ó jọ pé méjì nínú wọn ló ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi dàrú mọ́ ẹ̀yin àti mẹ́káníìkì lójú.

Ẹ jẹ́ ká mú ti iná ṣáájú. Ẹ ní bí ẹ bá di kọ́kọ́rọ́ mú níbì kan, ọkọ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ibo ni ibì kan yẹn? Ẹ padà sídìí ọkọ̀ kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ló máa ń wà lójú neiman ọkọ̀ Faransé: S, tí gbogbo nǹkan ti kú, A, tí rédíò àti irú rẹ̀ nìkan ń gbọ́ràn, M, tí iná ti dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì (ẹ̀rọ tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná), tí ọkọ̀ sì lè máa rìn, àti D, tí stáátà ń yí ẹ́ńjìnnì. D ní sípíríǹgì. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló yẹ kó padà sí M.

Bí ibi tí ẹ dì í mú bá wà láàárín M àti D, tí stáátà ti dákẹ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, a ti rí olè mú. Àwọn idẹ tó ń gbé iná ní M ti jẹ, wọn kò fara kan ara wọn mọ́ níbi tó yẹ, àfi bí ẹ bá tì í síwájú díẹ̀. Contacteur ló kù tí ẹ máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìgbà tí stáátà ṣì ń ké nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń dáhùn, ẹ má tíì fọwọ́ kan neiman. Àwọn ọkọ̀ bẹntiróòlù àtijọ́ kan ní resistor kékeré kan nítòsí kọ́ìlì, tó ń dín agbára iná kù kí kọ́ìlì má bàa gbóná jù. Nígbà tí stáátà bá ń yí, iná á gba ọ̀nà àbùjá kọjá láìgba inú rẹ̀. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, inú rẹ̀ ni iná gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá ti já, ọkọ̀ á kú lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tiyín ṣe ń kú. Àwọn 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975 ni mo fi kọ́ṣẹ́, mo sì ti rí neiman tí ara rẹ̀ le koko tí wọ́n yọ dànù nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wáyà tó já nídìí kọ́ìlì.

Ẹ̀rí tó dájú kò wọ́n. Ẹ wá gílóòbù ọkọ̀ kékeré kan, ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn. Ẹ fi wáyà kan kan ara irin ọkọ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní masse, ẹ fi èkejì kan ibi tí iná ti ń wọ kọ́ìlì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí M láìṣíná. Bí gílóòbù kò bá tàn, ẹ tẹ̀ lé wáyà náà padà títí dé ẹ̀yìn neiman, ẹ máa dán an wò níbi gbogbo tó ti so. Ibi tí gílóòbù ti kọ́kọ́ tàn padà, ẹ ti fi àìsàn náà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ẹ tó gbà pé contacteur ló bàjẹ́, ẹ mi ìdìpọ̀ wáyà tó wọ inú rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ike rẹ̀ bá ti pọ́n bí iyán àná tí wọ́n yan, tàbí tó ń rùn bí ohun tó jóná, ó lè jẹ́ pé ojú wáyà kan ló tú, owó kékeré sì ni ìyẹn.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́ tó ń kọ̀ láti yí. Ẹ kọ́kọ́ dá ìtọ́kọ̀ láre. Bí táyà bá ti fara ti pèpéle tàbí tí ẹ bá fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ ní yíyí nígbà tí ẹ ń páàkì, gbogbo agbára táyà á fún irin ìdènà yẹn pọ̀, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní lè fà á wọlé. Ẹ fi ọwọ́ kan jo ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ọwọ́ kejì máa yí kọ́kọ́rọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má fipá yí i o. Ìdajì kọ́kọ́rọ́ tó kán sínú àgádágodo ní ojú ọ̀nà Katiola nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, n kò gbàdúrà rẹ̀ fún ọ̀tá.

Bí ìtọ́kọ̀ kò bá ní ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ wọlé dé ìdí, ẹ wá fà á padà díẹ̀, bíi nínípọn èékánná, kí ẹ tó yí i. Bó bá yí báyẹn, kọ́kọ́rọ́ ló ti jẹ. Àwọn abẹ́bẹ̀ idẹ tín-ín-rín ló wà nínú àgádágodo náà, olúkúlùkù pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó pé á mú kí gbogbo wọn dọ́gba, àgádágodo á sì yí. Èyí tó ti jẹ á fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀ níta. Fífà tí ẹ ń fà á jáde tí ẹ tún ń tì í wọlé, àwọn abẹ́bẹ̀ yẹn lẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa dọ́gba láìmọ̀. Ẹ má sì gbé kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ lọ fún agbẹ́kọ́kọ́rọ́ pé kó bá yín gbẹ́ irú rẹ̀: gbogbo jíjẹ tó ti jẹ ni yóò dà kọ, á sì fi díẹ̀ tirẹ̀ kún un.

Eruku ọyẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ yín tí afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ń fẹ́ dé. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ da àdí sínú tirẹ̀. Ọ̀rá á kó eruku pọ̀ di ẹrẹ̀ ni. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu pẹ́ńsùlù, ẹ fi ẹ̀tù dúdú rẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́ lójú, kí ẹ máa kì í wọlé kí ẹ máa yọ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ̀yin mìíràn tí ọkọ̀ yín jẹ́ tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní «France au revoir» ní Côte d'Ivoire, ẹ má fi ìdánwò òkè yìí da ara yín láàmú. Láti ọdún 1998 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ohun tí ń dá ẹ́ńjìnnì dúró bí kò bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kékeré inú kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ àgbẹ́kọ tí kò ní ẹ̀rọ yẹn á yí, nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn ẹ́ńjìnnì á tiẹ̀ dáhùn, á sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni àìsàn tiwọn.

Bọ́tìnnì ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ fi bọ́tìnnì sí i yóò fọ́ àgádágodo. Bí kò bá yọ irin ìdènà kúrò dáadáa, ó lè ta jáde nígbà tí ẹ wà lórí eré, kí ìtọ́kọ̀ dúró gbọin. Bó bá sì yọ ọ́, ọmọ tó bá lè fa wáyà méjì lè gbé ọkọ̀ bàbá yín lọ. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fà láìsí fíúùsì sì máa ń gbóná lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ti rí èyí tó jó. Ẹ tún rántí àwọn corridor, ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà: ọlọ́pàá tó bá rí neiman tó ti fọ́ kò ní bi yín léèrè ọyẹ́.

Kò sídìí láti tú neiman kúrò lára ìtọ́kọ̀ nítorí contacteur. Bóòtù tó dì í mú, ilé-iṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ gé orí rẹ̀ nítorí olè, òòlù ni àwọn aláìnísùúrù fi ń tú u. Ẹ sọ fún oníná ọkọ̀ pé kó tú orí bátìrì ẹ̀gbẹ́ masse, kó ṣí ike abẹ́ ìtọ́kọ̀, kó fi fóònù ya àwọ̀ wáyà, kó wá tú contacteur; lára ọ̀pọ̀ neiman, sukúrúù kékeré díẹ̀ ló dì í mú. Bó bá jẹ́ casse, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù, lẹ ti máa ra èyí tí ẹ fẹ́ fi dípò rẹ̀, ẹ mú gílóòbù yín dání, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Bí stáátà bá kọ̀ láti dákẹ́ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ẹ jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, ẹ sáré tú orí bátìrì, torí iná tó ń fà ju ọgọ́rùn-ún amp lọ.

Mo mọ oníṣòwò: kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀, ti ilé, ti àpótí owó, gbogbo wọn á wà lórí òrùka kan pẹ̀lú ti ọkọ̀. Ní ọdún 2014, General Motors ní Amẹ́ríkà pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 2.6 padà nítorí contacteur tí sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀ jù. Ìwúwo kọ́kọ́rọ́ tàbí kí orúnkún kàn án lè yí i kúrò ní M lórí eré, ẹ́ńjìnnì á kú, àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là kò sì ní yọ. Àjọ tó san owó gbà-má-bìínú gbà pé ènìyàn 124 ló kú. 504 yín ti dàgbà ju àwọn ọkọ̀ yẹn lọ. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ lónìí.

Ẹ sì bá mi tú àpótí bàbá yín wò. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló máa ń bá ọkọ̀ tuntun jáde, àwọn bàbá ayé ìgbà yẹn kì í sì í lo èkejì. Ẹ wá a kí ẹ tó ná fàráǹkì kan sí i.