"Ṣé O Dákú?": Ìbéèrè Tí Kò Tó Bí Orí Bá Kọlu Orí

Ní sáà tó kọjá, ẹ̀ka wa bá ẹ̀ka mìíràn gbá bọ́ọ̀lù níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi àti ẹnì kan jọ fò sí bọ́ọ̀lù, orí kọlu orí. Ó ṣubú, ó dìde. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ṣé o dákú?" Ó ní rárá. A da omi sí i lórí, ó padà sínú eré. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí pé ta ló borí.

Ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ ìbéèrè í bi.

Ohun tó ṣe é ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní concussion, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kí nǹkan mì jìgìjìgì. Ọpọlọ rọ̀, inú omi ló wà nínú agbárí. Bí orí bá já gìrì, ọpọlọ á mì. (Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: ọpọlọ ni mo kọ, n kò kọ ọ̀pọ̀lọ́.) Lédè wa, a ní dákú, a ní òòyì kọ́ ọ, a ní ojú rẹ̀ ṣú. Àmì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ. Dákú la sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mì kì í dákú rárá. Nígbà tí Victor Osimhen fi ẹ̀yìn orí gbálẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021, tí Napoli ń bá Atalanta gbá, gbogbo ayé rí i pé ó dákú, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Irú ti ọ̀rẹ́ mi ló ń sá mọ́ni lójú.

Ọrùn ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 wo àwọn eléré iléèwé girama tó lé ní 6,700. Bí agbára ọrùn bá fi ìwọ̀n pọ́n-ùn kan (bí ìdajì kílò) pọ̀ sí i, ewu náà ń fi ìdá 5 nínú 100 dín kù. Ọrùn tó le kì í jẹ́ kí orí fì jù. Ó dára kí a máa fún ọrùn lókun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayẹta: àwọn ìwádìí mìíràn kò rí àǹfààní yẹn. Ẹni tó sì ti ní i rí, ewu kó tún ní i ju ti ẹlòmíràn lọ.

Nínú ẹ̀kọ́ gbólóhùn, a kọ́ pé bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ ló ń tẹ̀lé ṣé. Ẹni tó fẹ́ padà sórí pápá á yára sọ èyí tó máa dá a padà. Ta, kí àti wo ń bèèrè ìmọ̀. Irú wọn ni àwọn dókítà eléré ìdárayá ń lò:

Pápá wo la wà yìí?
Ìdajì wo la wà?
Ta ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kẹ́yìn?
Ẹgbẹ́ wo la bá gbá ṣáájú èyí?

Bí ó bá ṣi ọ̀kan, kó jókòó. Bí ó gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n tí orí ń fọ́ ọ tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kó jókòó síbẹ̀. Bí ó bá ń bì léraléra, tó ń sùn lọ tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ló kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: ìgbà mélòó ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ọ?

Ìbéèrè yẹn ni mi ò bi ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí mo wá bi í, ó ní ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.