Bí Ẹ Ṣe Máa Jẹ Pizza ní Via dei Tribunali

Èrò tí ẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé pizza ní Via dei Tribunali, ẹ má jẹ́ kó lé yín padà. Òpópónà tóóró yìí wà láàárín gbùngbùn àdúgbò àtijọ́ ìlú Naples, ní gúúsù Ítálì. Látayé àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti là á, UNESCO sì ti ka gbogbo àdúgbò náà mọ́ ogún àgbáyé láti 1995. Àlejò tó bá rí bí èrò ṣe kún ibẹ̀ bámúbámú lọ́sàn-án sábà máa ń yà sí ilé oúnjẹ tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ó dùn mí tí mo bá rí wọn, torí pé èrò yẹn kì í pẹ́ tó bí wọ́n ṣe rò.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ààrò. Igi ni wọ́n ń dá sí i, ooru inú rẹ̀ sì lè tó ìwọ̀n 485 Celsius, kò ju ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ tí pizza fi ń jinná. Ẹ gbìyànjú kí ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ní 2017 ni UNESCO ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà mọ́ ogún àṣà aráyé, ó sì tọ́ sí wọn. Bí wọ́n ti ń gbé pizza jáde ni àwọn oníbàárà ń jẹ ẹ́, ẹni tó bá jẹun tán á dìde, ẹlòmíràn á wọlé.

Ẹ má kàn lọ dúró sẹ́yìn ẹni tí ẹ bá níta o. Ẹ kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ní ilé pizza Sorbillo, orúkọ yín àti iye yín lẹ máa sọ fún ẹni tó dúró níbẹ̀, wọ́n á pè yín tó bá kàn yín. Ní Da Michele, tó wà ní Via Cesare Sersale tí kò jìnnà, nọ́ńbà ni wọ́n ń fúnni. Ẹni tí kò gba nọ́ńbà lè dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣílẹ̀kùn fún oúnjẹ alẹ́, nígbà tí àwọn ará ìlú kì í tíì jáde. Ẹ tètè dé kó tó lù. Tí ẹ ò bá pọ̀, wọ́n lè fi yín jókòó ti àwọn mìíràn nídìí tábìlì kan náà. Ẹ kí wọn, kí ẹ jókòó.

Ẹnì kan, pizza kan ni. Wọn kì í gé e wá, ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì. Àárín rẹ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń lómi díẹ̀, etí rẹ̀ á wú, á sì ní àmì dúdú dúdú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má dá a padà pé kò jinná tàbí pé ó jóná. Ẹ yára jẹ ẹ́, nítorí tó bá ti tutù, ó ti le. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò ni marinara: tòmátì, áyù, ewé oregano àti òróró ólífì, kò sí wàràkàṣì rárá. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ilé náà mọ iṣẹ́. Margherita ló tẹ̀ lé e, èyí tó ní wàràkàṣì àti ewé basil, ìbátan efinrin wa. Ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata, kó béèrè olio piccante, òróró tí wọ́n rẹ ata sí.

Kí ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ṣọ́ra. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà lórí pizza diavola, òun náà ni cicoli tó máa ń wà nínú pizza fritta, èyí tí wọ́n ń dín. Ẹ sọ pé "senza maiale", ìyẹn láìsí ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹ tún bi wọ́n bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò.

Ní ti owó, ẹ wo iye tí wọ́n kọ síta kí ẹ tó wọlé. Coperto tí ẹ máa rí nínú rìsíìtì ni owó ìjókòó, orí kọ̀ọ̀kan ló ń san án, kì í ṣe jìbìtì. Wọ́n máa ń ta omi: naturale ni lásán, frizzante ni èyí tó ń hó. Kò pọn dandan kí ẹ fún agbáwo lówó lé e. Ẹni tó bá ń fà yín lọ́wọ́ wọlé láti ojú títì, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọjá lọ.

Tí ìdúró bá sú yín lóòótọ́, ẹ ra pizza a portafoglio, èyí tí wọ́n ṣẹ́ po lọ́nà mẹ́rin tí wọ́n fi bébà wé. Wọ́n ń tà á níwájú ilé Di Matteo, níbi tí Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ti jẹun ní 1994 nígbà ìpàdé G7. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ìdúró lẹ ti máa jẹ ẹ́. Ẹ gbé báàgì síwájú, torí ọ̀kadà ń gba àárín èrò kọjá, àwọn ajáwó sì wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá sì ráyè jókòó, ẹ jẹ́ kó tẹ́ yín lọ́rùn dáadáa. Bí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ sanwó, kí ẹ dìde: ebi ń pa àwọn tó wà níta.