Server Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Rẹ̀ Ń Já Tí Ó Ń Padà

Púpọ̀ nínú yín ni ó wà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lónìí, ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ilé-ìwòsàn àti ní ọ́fíìsì. Nítorí èyí ni a fi gbé ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí ka orí àrùn kan tí ó ti ba orúkọ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ jẹ́: server tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń já, tí ó sì ń padà fúnra rẹ̀. Server ni kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn yòókù ń gba fáìlì lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó bá kú pátápátá kò le. Èyí tí ó ń kú tí ó ń jí ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀, nítorí pé kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀, ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀gá yóò ní irọ́ ni àwọn akọ̀wé ń pa. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, yóò ní ẹ̀yin ni ẹ kò mọ iṣẹ́, yóò sì ná owó ńlá lórí server mìíràn tí kò ní yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì tún un tàn. Yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti lọ. Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ aago tí ó já, aago tí ó padà, àti ohun tí ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé náà nígbà yẹn. Ní tiwa, ìwé yìí níye lórí ju irinṣẹ́ olówó gọbọi lọ.

Bí aago inú ìwé bá bá ìgbà tí iná lọ mu, ẹ fi server sílẹ̀ ná. Ó wà lórí UPS, kò kú. Ṣùgbọ́n switch kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ojú iná lásán ni wọ́n ki í bọ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde, kí switch sì tó jí, ìṣẹ́jú ti kọjá. Ẹ gbé switch náà sórí UPS.

Lẹ́yìn ìwé, ping ni ó kàn. Mike Muuss, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà, ni ó kọ ọ́ ní oṣù December 1983, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí kò ṣe bí ó ti yẹ. Irú ìyọnu tiwa yìí gan-an ni ó bí i. Ping a máa ké sí ẹ̀rọ mìíràn, a sì máa ṣírò bí ìdáhùn ti pẹ́ tó. Lórí Windows, ẹ kọ ọ́ ní ping -t kí ó má baà dúró. Ẹ jẹ́ kí server máa pe router, kí kọ̀ǹpútà kan lórí switch kan náà sì máa pe server. Bí router bá ń dáhùn nígbà tí àwọn ènìyàn ń pariwo, ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ wáyà server. Ẹ wo DNS tí ń tú orúkọ sí nọ́ńbà, tàbí ọ̀nà tí ó kọjá router. Bí méjèèjì bá dákẹ́ pọ̀, ẹ fura sí wáyà tàbí ihò switch. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oníke kékeré tí ó di orí wáyà mú máa ń kán, wáyà náà kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ.

Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù ni nọ́ńbà IP tí ó di ti ẹni méjì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí fóònù kan dé ní òwúrọ̀, ó gba nọ́ńbà server. Ilé méjì wá ń jẹ́ nọ́ńbà kan ní àdúgbò kan, lẹ́tà sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó bá dáhùn kẹ́yìn. Bí onífóònù bá lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ara server á yá. Ọ̀nà tí a fi ń mú un nìyí: nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ẹ fi ping pe server, kí ẹ sì tẹ arp -a. Ẹ ó rí IP server àti àmì ẹ̀rọ rẹ̀ tí à ń pè ní MAC. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá já, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí MAC bá ti yí padà, àlejò ti jókòó sórí àga onílé. Ẹ wọ inú router, kí ẹ yọ nọ́ńbà server kúrò nínú àwọn tí DHCP ń pín fún ẹ̀rọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó ku ọ̀kan, tí ó wọ́pọ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Ping lè máa dáhùn, síbẹ̀ kí fáìlì ńlá má lè kọjá. Ẹnì kan ti yan full duplex fún server, ó sì fi switch sílẹ̀ sí auto. Switch kò rí ẹni bá dúnàá-dúrà, ó wá gba half duplex. Server ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń gbọ́, switch ń dúró dìgbà tí ọ̀nà bá ṣófo. Bí ẹrù bá ti pọ̀, wọ́n á máa kọlu ara wọn. Ẹ fi méjèèjì sí auto.