Ẹ Wá Ọwọ́ Oníṣẹ́ Nínú Géèmù Tí Kò Parí

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Makoko, ẹ̀yin ará orí omi àti ẹ̀yin ará orí ilẹ̀, Ègùn, Ìlàjẹ, àti gbogbo àlejò tó ti di onílé, ẹ gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, n kò sì bá tìjà wá.

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni eré. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Ní ọdún 2021, Tunde Onakoya gbé ṣẹ́ẹ̀sì wá sí Makoko yìí, ó fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní àròjinlẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó jókòó ní Times Square ní New York, ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 láti wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Eré lè gbé ọmọ dé ibi gíga. Ojú tí ọmọ fi ń wo eré náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Irú géèmù kan wà tí ẹ fẹ́ràn púpọ̀: èyí tí ènìyàn kékeré kan ń sáré, tó ń fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn, tí ihò wà lábẹ́, tí ọ̀tá ń bọ̀ níwájú. Mario ti ilé-iṣẹ́ Nintendo ní Japan ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1985, Sonic ti Sega sì dé ní 1991. Àwọn kan fẹ́ràn eré yìí débi pé títa á nìkan kò tó wọn mọ́. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe tiwọn, ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ fún wọn. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn kò parí. Ọdún ti gorí ọdún, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti bá ọ̀nà mìíràn lọ, ṣùgbọ́n géèmù náà ṣì ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, títí dé orí tòkunbọ̀ tí ẹ rà ní Computer Village ní Ìkẹjà.

Bí ẹ bá ṣí irú rẹ̀, ipele kìíní á dán, ìkejì náà á dùn. Ní ìkẹta, orin á ṣàdédé dákẹ́. Ilẹ̀kùn kan á wà níbẹ̀ tí kò ní ṣí. Ọ̀tá kan á dúró gbagidi sójú kan, nítorí pé kò tíì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìrìn. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ilẹ̀ á tán, ẹni tí ẹ ń darí á sì já bọ́ sínú òfìfo. Púpọ̀ nínú yín á kígbe, ẹ á pa á, ẹ á wá òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn létí ọ̀sà wa kì í lọ wo ọkọ̀ tí wọ́n ti kùn lọ́dà tán. Èyí tí egungun inú rẹ̀ ṣì hàn ni yóò lọ wò, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti rí bí pákó ṣe gba pákó mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù tí kò parí. Ó ń fi inú ara rẹ̀ han ẹni tó bá lójú láti wò ó.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìfò fẹ́ẹ́rẹ́, ẹni inú géèmù á fò díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó pẹ́, á fò ga. Mario ti 1985 ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló jókòó ṣírò bí yóò ṣe ga tó àti bí ilẹ̀ yóò ṣe yára fà á padà tó. Ẹ tún wo etí pèpéle. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tó gún régé, bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí pèpéle tán, àyè ṣì wà láti fò, àyè tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ojú kò rí i, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Oníṣẹ́ ló fi àánú yẹn síbẹ̀ kí inú má baà bí ẹni tó ń ta á. Nínú géèmù tí kò parí, ẹ lè dé ibi tí àánú yìí kò sí: ẹ ó fò lásìkò, ẹ ó sì ṣubú. Kí ẹ tó bínú, ẹ béèrè pé, “Kí ló kù níbí? Bó bá jẹ́ èmi ni, báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?” Ọmọ tó bá béèrè ìbéèrè yẹn ti kúrò ní olùworan.

Ẹ wo Christian Whitehead, ọmọ Australia, tó fẹ́ràn Sonic gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó pè é ní Retro Sonic. Géèmù náà kò parí títí dòní, ṣùgbọ́n kó tó lè ṣe ìwọ̀nba tó ṣe, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ́ńjìnnì tí géèmù ń gùn rìn. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni Sega lò ní 2011 láti tún gbé Sonic CD jáde. Ní 2017, òun àti àwọn olólùfẹ́ Sonic bíi tirẹ̀ ṣe Sonic Mania fún Sega fúnra rẹ̀. Géèmù ìbẹ̀rẹ̀ kò parí, ọgbọ́n tó ti inú rẹ̀ jáde ló parí iṣẹ́ ńlá.

Andrew Spinks ní Amẹ́ríkà náà gbé Super Mario Bros. X jáde ní 2009. Ó fi ibìkan sínú rẹ̀ tí ẹni tó ń ta á ti lè to bíríkì, ihò àti ọ̀tá bó ṣe wù ú, kó sì ta ipele tirẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní 2011 ó fi í sílẹ̀, ó sì gbé Terraria jáde, géèmù tirẹ̀ gan-an, tí àwọn tó ti rà á ti lé ní mílíọ̀nù 50. Ní 2020, ó tú kóòdù géèmù àtijọ́ náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àwọn ẹlòmíràn sì ń tún un ṣe lọ.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Milton Guasti, ọmọ Argentina, lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá láti tún Metroid II ti Nintendo ṣe. Ó gbé e jáde ní oṣù Kẹjọ 2016. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Nintendo ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ẹni tó ni orúkọ ló ni ọjà. Ẹ fi Mario kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di ohun tí ẹ máa tà, orúkọ tiyín ni kí ẹ fi sí i. Olivier Madiba ní Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ géèmù Aurion nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ní 2003. Ìtàn àti àṣà Áfíríkà ló fi ṣe é, ó sì dé ọjà àgbáyé ní 2016.

Kí ló wá kù fún Makoko? Ìlú wo ló ní pèpéle tó tiwa? Pákó tí a tẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, èyí tó lágbára àti èyí tó ti ń jẹrà. Ọkọ̀ tó ń kọjá, tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò bẹ́ sínú rẹ̀. Omi tó ń kún tó sì ń fà, tí ọ̀nà àárọ̀ kì í fi í rí bákan náà pẹ̀lú ti ìrọ̀lẹ́. Èéfín ẹja tó ń bo ojú ọ̀nà. Ọmọ tó mọ gbogbo èyí láti kékeré mọ ohun tí oníṣẹ́ Japan kò mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìṣubú àkọ́kọ́ dá yín dúró. Ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí Kunlé Adéyẹmí kọ́ síbí ní 2013, orí àgbá oníke ló dúró lé. Òjò ńlá wó o ní oṣù Kẹfà 2016. Oníṣẹ́ náà kò fi èrò rẹ̀ sílẹ̀: ní 2021 ó kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn olórin ní Mindelo ní Cape Verde.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ máa fi òṣùwọ̀n ta géèmù, àṣejù baba àṣetẹ́ ni. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú, oorun ṣe pàtàkì. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ dá owó sí. Tẹ́tẹ́ ló gbé aṣọ eré wọ̀. Ẹ ní ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ibi tí géèmù ti bàjẹ́ àti bí ẹ ṣe lè tún un ṣe sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe tiyín. Scratch àti Godot, tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, kò gba owó. Ẹni tó bá ti ní wọn lè fi fláàṣì gbé wọn fún yín, kí dátà yín má baà tán. Yábà kò jìnnà: CcHub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay láti 2011. Maliyo, tí wọ́n ti ń ṣe géèmù l'Ékòó láti 2012, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ètò GameUp Africa. Ẹ lọ, ẹ béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ipele kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ sì parí rẹ̀. Bí èyí tó tóbi bá wá kọjá agbára yín lọ́la, ẹ kọ ohun tó kù sílẹ̀ kedere, ẹ fi kóòdù rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí iṣẹ́ má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́. Tí ipele yín bá pé, ẹ gbé e fún ọmọ tó kéré jù nínú ilé kó ta á. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ kàn máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀yin lẹ ni àtúnṣe ibẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀, á jẹ́ kí ẹ parí, iṣẹ́ ọwọ́ yín á sì gbé orúkọ Makoko dé ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé.